Mo ka páálí "Òmìnira Lọ́wọ́ Owó Orí" tí wọ́n ń tà ní $1,295 láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: ẹ má rà á

$1,295 ni wọ́n ń ta páálí náà, tó ń ṣèlérí pé ẹni tó bá rà á kò ní san owó orí fún ìjọba Amẹ́ríkà mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n máa bá òun kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí IRS, iléeṣẹ́ owó orí ìjọba Amẹ́ríkà, yóò tún máa san $75 lóṣooṣù. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń fi tírélà tirẹ̀ kó ẹrù láti Houston lọ sí Chicago ló rà á níbi ìpàdé kan tí wọ́n ṣe ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n gbé e wá bá mi, wọ́n ní, "Àbúrò mi, ìwọ lo mọ̀wé owó orí. Bá mi kà á dáadáa kí n tó fọwọ́ sí nǹkan kan." Iṣẹ́ mi nìyẹn lóòótọ́. Mo ń bá àwọn èèyàn wa ní Houston kún fọ́ọ̀mù owó orí wọn, láti oṣù kìíní títí di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin, àwọn tó bá sì gba àfikún àsìkò, a jọ máa ń bá a yí títí wọ oṣù kẹwàá. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ń ta páálí yìí. Irú wọn pọ̀ káàkiri Amẹ́ríkà, orúkọ ni wọ́n ń pààrọ̀, ọjà kan náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Fáìlì ńlá kan wà tí wọ́n fi awọ dúdú bò, tí wọ́n fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ nǹkan sí lára. Fídíò wà tí èèyàn lè wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́tà wà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀, tó jẹ́ pé orúkọ àti àdírẹ́sì nìkan lẹ ó fi kún un. Fọ́ọ̀mù W-4, èyí tí òṣìṣẹ́ fi ń sọ fún ọ̀gá iṣẹ́ iye owó orí tó máa yọ, wà tí wọ́n ti kọ "Exempt" (owó orí kò kàn mí) sí, kí ilé iṣẹ́ má bàa yọ owó orí kankan nínú owó oṣù yín; ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ni wọ́n ní ti wọn ni ìyẹn. Fọ́ọ̀mù 4852 náà wà, èyí tí ìjọba ṣe fún ẹni tí ọ̀gá iṣẹ́ rẹ̀ kọ̀ láti fún un ní W-2, ìwé tó ń fi iye owó iṣẹ́ ọdún kan hàn, tàbí tó kọ iye tí kò tọ̀nà sí i. Àwọn wọ̀nyí ti fi òdo kún ibi tó yẹ kí iye owó iṣẹ́ wà. Èyí tó gbẹ̀yìn ni ìwé ìbúra kan. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn, nítorí òun ló bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo rẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Lẹ́tà rẹ̀ hàn ketekete, ètò rẹ̀ gún, àwọn ẹjọ́ tí wọ́n tọ́ka sí náà sì wáyé lóòótọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ewu ọjà yìí wà. Ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ yìí á wá orúkọ ẹjọ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, á rí i pé ó wà, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ pé ohun tí wọ́n ní adájọ́ sọ náà ni adájọ́ sọ.

Ìtàn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1861, nígbà ogun abẹ́lé, ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kọ́kọ́ gbé owó orí lé owó tó ń wọlé fáwọn èèyàn: ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lórí ohun tó bá ju $800 lọ lọ́dún. Nígbà tó di 1872, wọ́n ti jẹ́ kó kásẹ̀ nílẹ̀. Ní 1894 wọ́n gbé òmíràn dìde, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lórí ohun tó bá ju $4,000 lọ, ṣùgbọ́n kò pẹ́ láyé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a nù nínú ẹjọ́ Pollock, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin. Òfin Ìpìlẹ̀ ti sọ pé bí owó orí bá jẹ́ èyí tó lọ tààrà, wọ́n gbọ́dọ̀ pín in láàárín àwọn ìpínlẹ̀ ní ìwọ̀n iye èèyàn tó ń gbé níbẹ̀. Àwọn adájọ́ ní owó orí lórí èrè ilé, ilẹ̀ àti ìdókòwò wà lára irú èyí, wọn kò sì pín in bẹ́ẹ̀.

Páálí yìí na ọ̀rọ̀ Pollock gùn débi pé ẹni tó bá ń kà á á rò pé àná ni wọ́n dá ẹjọ́ náà. Àmọ́ nítorí Pollock gan-an ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣe gbé Àtúnṣe Kẹrìndínlógún sí Òfin Ìpìlẹ̀ síwájú àwọn ìpínlẹ̀ ní 1909. Ohun tí àtúnṣe náà sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì lágbára láti gbé owó orí lé owó tó ń wọlé, ibi yòówù kó ti máa wọlé, láìpín in láàárín àwọn ìpínlẹ̀, láìwo ti iye èèyàn. Oṣù kejì ọdún 1913 ló di òfin. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Ààrẹ Woodrow Wilson ti fọwọ́ sí òfin owó orí tuntun, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún fún ẹni tí owó rẹ̀ bá ju $3,000 lọ lọ́dún. Ní 1916, ẹnì kan tó ní ìpín nínú iléeṣẹ́ rélùwéè Union Pacific gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ẹjọ́ Brushaber nìyẹn. Ilé ẹjọ́ ní òfin náà dúró.

Ìdáhùn páálí sí èyí ni pé àtúnṣe náà kò wọlé rárá. Wọ́n ní ẹnì kan lọ yẹ àkójọ ìwé àwọn ìpínlẹ̀ wò, ó sì rí i pé ohun tí ìpínlẹ̀ kan fọwọ́ sí yàtọ̀ sí ti èkejì. Èyí ló gba ẹ̀gbọ́n mi lọ́kàn jù. "Àbí o ò rí i? Bí èmi bá fọwọ́ sí ìwé kan, tí ìwọ fọwọ́ sí òmíràn, a ò tíì ṣe àdéhùn kankan." Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání ni, ó sì yẹ ká dá a lóhùn dáadáa, torí náà mo lọ ka ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ẹkùn keje ṣe ní 1986, nínú ẹjọ́ ìjọba àti ẹnì kan tó ń jẹ́ Thomas.

Adájọ́ kò sẹ́ àwọn àṣìṣe náà. Ó tò wọ́n sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní ìwé ìpínlẹ̀ mẹ́rin péré ló bá ti Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì mu láìyẹ̀ rárá. Illinois kọ "remuneration" síbi tó yẹ kí wọ́n kọ "enumeration". Missouri kọ "levy" dípò "lay". Washington kọ "income", kò fi "s" sí ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kò fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ "States", àwọn kan sì fi lẹ́tà ńlá sí ibòmíràn. Àṣìṣe akọ̀wé nìwọ̀nyí. Ní 1913 yẹn náà, kó tó di pé wọ́n kéde àtúnṣe náà, agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè ti to gbogbo wọn síwájú Philander Knox tó jẹ́ akọ̀wé ìjọba fún iléeṣẹ́ náà, ó sì sọ fún un pé wọn kò dí i lọ́wọ́. Knox wò ó, ó kéde pé àtúnṣe ti di òfin, ilé ẹjọ́ sì ní ìkéde yẹn ti parí ọ̀rọ̀, kì í ṣe ohun tí adájọ́ á tún máa tú wò lẹ́yìn ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún.

Ohun tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ni pé, ẹ jẹ́ ká bi ara wa: aṣòfin wo ló jókòó sí Springfield ní Illinois nígbà yẹn tó rò pé nǹkan mìíràn lòun ń dìbò fún? Kò sí. Gbogbo wọn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó orí ni, wọ́n mọ̀ pé Pollock ló fà á, ìwé ìròyìn kún fún un. Ẹni tó bá sọ pé àṣìṣe akọ̀wé kan fagi lé ìfẹ́ àwọn ìpínlẹ̀ tó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kì í ṣe pé ó ń gbèjà Òfin Ìpìlẹ̀. Ó ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré ni.

Ti Ohio kò tó nǹkan. Wọ́n ní Ohio kì í ṣe ìpínlẹ̀ títí di 1953, nítorí ọdún yẹn ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí ìwé kan tó sọ pé ó ti di ìpínlẹ̀ láti 1803. Wọ́n wá ní William Howard Taft, ọmọ Ohio tó jẹ́ ààrẹ nígbà tí àtúnṣe náà lọ síwájú àwọn ìpínlẹ̀, kì í ṣe ààrẹ tòótọ́. Ìpínlẹ̀ 36 ni òfin nílò, àwọn tó fọwọ́ sí i pátápátá sì jẹ́ 42. Bí ẹ bá yọ Ohio kúrò, ó ṣì pé.

Ibi tí inú ti bí mi jù nínú apá ìtàn ni ojú ewé kan tí wọ́n kọ gbólóhùn kan sí láàárín, lẹ́tà gàdàgbà, wọ́n sì fi àmì àyọlò yí i ká. Gbólóhùn náà ni pé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, nínú ẹjọ́ Stanton ní 1916, sọ pé Àtúnṣe Kẹrìndínlógún kò fún ìjọba ní agbára owó orí tuntun kankan. Òótọ́ ni, adájọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àárín gbólóhùn ni wọ́n ti gé e. Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ti ní agbára kíkún lórí owó tó ń wọlé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, pé iṣẹ́ àtúnṣe náà ni kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún kó owó orí yìí sí abẹ́ èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ pín láàárín ìpínlẹ̀. Ní kúkúrú, kò fún wọn lágbára tuntun nítorí wọ́n ti ní in tẹ́lẹ̀. Ẹni tó gé gbólóhùn yẹn ti ka ìyókù rẹ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣe.

Àwọn àwíjàre yòókù, mo lè yára kọjá lórí wọn. Wọ́n ní owó iṣẹ́ kì í ṣe owó tó ń wọlé, pé èèyàn kàn fi agbára rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ owó ni, kò jèrè nǹkan kan. Ìpín 61 nínú òfin owó orí sọ pé gbogbo owó tó ń wọlé láti ibikíbi ni, ó sì dárúkọ owó iṣẹ́. Ní 1955, nínú ẹjọ́ Glenshaw Glass, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ohunkóhun tó bá kún ọrọ̀ ẹni ní tòótọ́, tó ti wọlé, tó sì wà ní ìkáwọ́ ẹni pátápátá, owó tó ń wọlé ni. Wọ́n tún ní Ilé Ẹjọ́ kan náà sọ nínú ẹjọ́ Flora ní 1960 pé owó orí Amẹ́ríkà jẹ́ ti "voluntary", ìyẹn ti ìfẹ́ inú ẹni. Ohun tí adájọ́ ń sọ níbẹ̀ ni pé àwa fúnra wa la ń kọ́kọ́ ṣírò ohun tí a jẹ, tí a sì ń mú un wá, kì í ṣe pé ìjọba kọ́kọ́ wá já ilẹ̀kùn. Ìpín 6012 ló sọ ẹni tó gbọ́dọ̀ mú fọ́ọ̀mù wá, ìpín 7203 sì sọ ìyà ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀: ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún kan, pẹ̀lú owó ìtanràn tó lè tó $25,000. Ohun tí ẹ̀wọ̀n wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe ti ìfẹ́ inú ẹni.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kan ìpín 861. Ìpín yìí wà láti ya owó tó wá láti inú Amẹ́ríkà sọ́tọ̀ kúrò lára owó tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè, ó sì wúlò jù fún àwọn àlejò àti àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣòwò káàkiri ayé. Páálí ní ohun tó túmọ̀ sí ni pé owó tí èèyàn rí nínú Amẹ́ríkà kò ní owó orí. Wọ́n wá fi àwòrán Wesley Snipes, òṣèré sinimá, sí i pé òun lo àwíjàre yìí, ó sì borí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ní 2008, ní Ocala ní Florida, àwọn jùrì dá Snipes láre lórí àwọn ẹ̀sùn tó wúwo jù. Wọ́n dá a lẹ́bi lórí ẹ̀sùn mẹ́ta pé ó kọ̀ láti mú fọ́ọ̀mù owó orí wá, adájọ́ sì fún un lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta, ọdún kan fún ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan. Ó wọ ẹ̀wọ̀n ní Pennsylvania ní ìparí 2010, oṣù kẹrin 2013 ló jáde. Ọkùnrin tó ta èrò náà fún un gba ọdún mẹ́wàá. Bí ẹni tó lówó tó bẹ́ẹ̀, tó lè san owó agbẹjọ́rò tó dára jù lọ, bá borí báyìí, kí ni ti awakọ̀ tírélà?

Ó wá kan ìwé ìbúra. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá tẹ́ ẹ ń gbé níbí, apá yìí ni mo torí rẹ̀ jókòó kọ gbogbo èyí.

Ìwé náà ní kí ẹni tó rà á búra pé òun kì í ṣe "taxpayer" (ẹni tó yẹ kó san owó orí), pé òun kì í gbé inú "United States" gẹ́gẹ́ bí òfin owó orí ṣe lo orúkọ náà (wọ́n ní Washington D.C. àti àwọn erékùṣù nìkan ni), àti pé "nonresident alien" (àlejò tí kì í gbé Amẹ́ríkà) ni òun. Wọ́n ní kí ó ṣe é níwájú nótárì, kí ó fi ránṣẹ́ sí IRS, kí ó sì fún ọ̀gá iṣẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀dà kan. Ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí síbí, tó bá fọwọ́ sí irú ìwé yìí, owó ìtanràn ni yóò san. Ẹ̀gbọ́n mi ní green card. Wọ́n ti ń múra àtikọ N-400, fọ́ọ̀mù tí èèyàn fi ń béèrè láti di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ìpín 7701(b) nínú òfin owó orí sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó bá ní green card, olùgbé ni lójú òfin owó orí. N-400 sì ń béèrè lọ́wọ́ ẹni bóyá ó ti pe ara rẹ̀ ní "nonresident alien" rí nínú fọ́ọ̀mù owó orí láti ìgbà tó ti di olùgbé, tàbí bóyá ó kọ̀ láti mú fọ́ọ̀mù wá nítorí pé ó ka ara rẹ̀ sí ẹni tí kì í gbé ibí. Ó tún ń béèrè bóyá ó jẹ gbèsè owó orí. Ẹ rò ó wò. Ẹni tó bá dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni" ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti fi ipò olùgbé òun sílẹ̀. Ẹni tó bá dáhùn pé "rárá", tí ìwé ìbúra rẹ̀ sì wà ní fáìlì ìjọba, ti purọ́ fún àwọn ìmígíréṣọ̀n. Kò sí ọ̀nà àbáyọ láàárín méjèèjì. Bí ó bá sì fẹ́ mú ìyàwó tàbí ọmọ wá láti ilé, fọ́ọ̀mù I-864 ń béèrè ẹ̀dà ìwé owó orí rẹ̀ láti fi hàn pé owó tó ń wọlé fún un tó láti bọ́ wọn. Òdo ni yóò fi hàn wọ́n?

Mo ka ìwé náà sókè fún ẹ̀gbọ́n mi ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé "under penalty of perjury" (pé ẹni tó bá purọ́ nínú rẹ̀ yóò jìyà ìbúra èké), wọ́n ní kí n dúró. Wọ́n ní, "Wọn ò sọ èyí fún wa níbi ìpàdé." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni wọ́n ṣe máa sọ ọ́? Àwọn kọ́ ló ń fọwọ́ sí i." Àwọn tó ṣe páálí yìí kò ro ti àlejò mọ́ ọn rárá, síbẹ̀ wọ́n ń tà á fún àlejò. Mi ò lè dárí èyí jì wọ́n.

Ó ku ẹjọ́ kan tí wọ́n fi ń fi àwọn èèyàn lọ́kàn balẹ̀. John Cheek jẹ́ awakọ̀ òfúrufú ní American Airlines, kò mú fọ́ọ̀mù wá fún ọdún púpọ̀, àwọn ìpàdé bí èyí tí ẹ̀gbọ́n mi lọ ló kọ́ ọ. Ní 1991, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fagi lé ìdájọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un, ó ní bí ẹnì kan bá ṣi òfin lóye tọkàntọkàn, kò tíì mọ̀ọ́mọ̀ rú u. Páálí dúró síbẹ̀. Ìdájọ́ yẹn kan náà ló sọ pé ẹni tó bá ní òfin owó orí kò bá Òfin Ìpìlẹ̀ mu, kò lè fìyẹn gba ara rẹ̀ sílẹ̀, torí ìyẹn fi hàn pé ó mọ òfin náà, kò kàn gbà á ni. Wọ́n tún ẹjọ́ Cheek ṣe, wọ́n sì tún dá a lẹ́bi. Ẹ sì ṣàkíyèsí: ẹni tó bá ra páálí $1,295 tó kún fún ìpín òfin, báwo ló ṣe máa sọ pé òun kò mọ̀?

Wọ́n tún sọ pé ẹnì kan ti gbé $100,000 kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá lè fi òfin tó ní ká san owó orí han òun, pé títí dòní kò sẹ́ni tó gbà á. Irwin Schiff ni. Lórí tẹlifíṣọ̀n ló ti sọ ọ́ ní 1983. Agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Newman rí i nígbà tí wọ́n tún apá kan rẹ̀ gbé jáde láàárọ̀, ó sì to àwọn ìpín òfin náà sílẹ̀ fún un. Ohun tí kò jẹ́ kí Newman gba owó náà, gẹ́gẹ́ bí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ṣe sọ ní 1985, ni pé kò pè nígbà tí ètò náà ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ àkókò ni, kì í ṣe pé òfin kò sí. Schiff fúnra rẹ̀ gba ẹ̀wọ̀n tó lé ní ọdún mẹ́tàlá ní 2006, ó sì kú sí ìhámọ́ ní Fort Worth, ní Texas wa níbí, ní 2015.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má bá ìjọba jiyàn lórí owó orí. Owó orí wúwo, ìjọba náà sì máa ń ṣìṣe. Ohun tí páálí yìí kò sọ fún ẹni tó rà á ni pé ọ̀nà tó mọ́ wà. Bí IRS bá fi ìwé ránṣẹ́ pé ẹ jẹ gbèsè tí ẹ kò gbà, ẹ ní ọjọ́ 90 láti gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Owó Orí láìtíì san gbèsè náà, $60 ni owó ìwé ibẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ bá Òfin Ìpìlẹ̀ jà, ẹ lè kọ́kọ́ san owó náà, kí ẹ wá gba ilé ẹjọ́ lọ béèrè fún un padà. Bí tọkọtaya Moore láti ìpínlẹ̀ Washington ṣe ṣe é nìyẹn. Wọ́n ti fi $40,000 dókòwò sínú iléeṣẹ́ kan tó ń ta irinṣẹ́ fáwọn àgbẹ̀ ní Íńdíà, òfin ọdún 2017 wá ní kí wọ́n san $14,729 lórí èrè tí iléeṣẹ́ náà kò tíì pín fún wọn. Wọ́n san án, wọ́n pẹjọ́, ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Oṣù kẹfà 2024 ni wọ́n fìdí rẹmi, adájọ́ méje sí méjì. Ẹnikẹ́ni kò bu owó ìtanràn lé wọn, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n. Àríyànjiyàn gidi lórí Àtúnṣe Kẹrìndínlógún ni wọ́n ṣe, gbangba sì ni wọ́n ti ṣe é.

Ìwé kan tún wà tí IRS fúnra rẹ̀ gbé jáde tó dá gbogbo àwọn àwíjàre inú páálí yìí lóhùn, pẹ̀lú orúkọ ẹjọ́ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. "The Truth About Frivolous Tax Arguments" ni wọ́n pè é, ọ̀fẹ́ ló wà lórí ìkànnì wọn. Kíkà rẹ̀ kò dùn tó ti páálí, mo gbà. Ṣùgbọ́n kò gé gbólóhùn ẹnikẹ́ni sí méjì.

Ní ti owó, ẹ̀gbọ́n mi béèrè fún owó wọn padà. Àwọn tó tà á nàka sí ẹ̀yìn fáìlì, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà wínníwínní pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ìmọ̀ràn òfin, pé ìmọ̀ lásán ni, àti pé kí ẹni tó rà á lọ bá agbẹjọ́rò tirẹ̀. Wọn kò dá sẹ́ǹtì kan padà. A jọ kún fọ́ọ̀mù 14242 láti fi ẹjọ́ wọn sun IRS. Lẹ́yìn ìyẹn a jókòó ti owó orí gidi: epo ọkọ̀, táyà, àtúnṣe, ìbánigbófò, owó oúnjẹ ojú ọ̀nà tí òfin gba awakọ̀ tírélà láàyè láti yọ ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ohun tó kù tí wọ́n jẹ kò tó ìdajì ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù.

Bí ẹnì kan bá ti fi ìwé inú irú páálí yìí ránṣẹ́, kó má fi falẹ̀. Owó ìtanràn $5,000 ló wà lórí fọ́ọ̀mù aláìlẹ́sẹ̀ńlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ìpín 6702, Ilé Ẹjọ́ Owó Orí sì lè bu tó $25,000 lé ẹni tó bá lọ rojọ́ yìí níwájú wọn. Ṣùgbọ́n IRS máa ń kọ́kọ́ kọ lẹ́tà, wọ́n sì ń fún èèyàn ní ọjọ́ 30 láti fi fọ́ọ̀mù tó tọ́ rọ́pò rẹ̀. Ẹ lo ọjọ́ 30 yẹn. Ẹ má dá lẹ́tà náà lóhùn pẹ̀lú lẹ́tà mìíràn láti inú páálí. Kí ìyàwó tàbí ọkọ tó ti kọ "Exempt" sínú W-4 gba òmíràn níbi iṣẹ́, kó kún un bó ṣe yẹ. Ẹ mú 1040 tòótọ́, fọ́ọ̀mù owó orí ọdọọdún, lọ, kódà bí owó kò bá sí lọ́wọ́, torí ìtanràn àìmú fọ́ọ̀mù lọ jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, nígbà tí ti àìsan owó jẹ́ ìlàjì ìdá kan péré. Ẹni tí gbèsè rẹ̀ kò bá ju $50,000 lọ lè béèrè lórí ìkànnì IRS pé òun fẹ́ máa san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Ẹni tó bá sì ti fọwọ́ sí ìwé "nonresident alien" pẹ̀lú green card lọ́wọ́, kó wá agbẹjọ́rò ìmígíréṣọ̀n kó tó fọwọ́ kan N-400, kó sì mú ẹ̀dà gbogbo ohun tó ti fi ránṣẹ́ dání lọ.